Eyín Bàbá Àgbà àti Ajá Tó Jẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Lọ́jọ́ tí Bàbá Àgbà kú, eyín wọn kò sí lẹ́nu wọn. Orí àga onírọ́bà tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé wa ní Addo ni wọ́n ti sùn lọ, lọ́sàn-án Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ àgbọn díẹ̀, tí wọ́n sì ti bá mi jà pé mo ń pẹ́ jù kí n tó bu omi wá. Nígbà tí mo gbé omi náà dé, mo rò pé oorun lásán ni. Àwọn tó wá gbé wọn lọ sí mọ́ṣúárì ló bi mí pé ṣé bàbá kì í lo eyín ni, torí ẹnu wọn ti wọnú. Mo sáré lọ wo ife tí wọ́n máa ń fi eyín náà sí lójú fèrèsé. Omi nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eyín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílé wa. Eyín òkè ni, àtọwọ́dá, ó funfun ju ti gbogbo wa lọ. Lọ́dún tí eyín tiwọn gan-an jábọ́ tán, Bàbá Àgbà lọ sí ìpàdé ẹbí lórí ilẹ̀ kan lápá Lẹ́kkí. Wọ́n dìde láti sọ̀rọ̀, atẹ́gùn ń gba ẹnu wọn jáde, àwọn ọmọ ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì jókòó láìparí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ilé alájà mẹ́ta ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí, kì í sì í ṣe tiwa. Látìgbà náà ni wọn ò ti jáde lọ síbì kankan láìsí eyín. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, tí mo bá kú, àwọn èèyàn á wá wò mí. Àwọn tí mo ń lọ bá náà á fẹ́ gbọ́ tẹnu mi. Eyín mi, ọwọ́ rẹ ló wà o.” Mo ní mo ti gbọ́, sà. Wọ́n ní gbígbọ́ kọ́, kí n búra. Mo búra.

A fi ìsìnkú sí Fúráìdeè. A tú ilé, a gbọn bẹ́ẹ̀dì, a yọ àpò gbogbo agbádá wọn síta. Màmá mi tiẹ̀ wo inú fíríìsà. Eyín kò sí níbì kankan, èmi tí mo búra kò sì rí oúnjẹ jẹ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí Bàbá Àgbà jẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tọ́sìdeè máa jọ irọ́ létí ẹ̀.

Bàbá Àgbà kì í fún àlejò ní ohunkóhun tí àwọn fúnra wọn ò tíì tọ́ wò. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ayé ìjọ́un máa ń ṣe é, kí onílé mu díẹ̀ nínú omi kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n tiwọn ti kọjá ààlà. Tí pásítọ̀ bá wá kí wa, wọ́n á ṣí mínírà, wọ́n á mu ún dé ọrùn ìgò, wọ́n á wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún pásítọ̀. Nígbà tí ibà dá Wásíù dúbúlẹ̀, ìyẹn bíríkìlà ará Ìsẹ́yìn tó gba yàrá kan lọ́dọ̀ wa, Bàbá Àgbà lọ bá a ra oògùn, wọ́n sì kọ́kọ́ gbé hóró kan mì lójú ẹ̀. Wásíù ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ, ó ń wò wọ́n. Wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n mọ̀ bóyá àwọn máa ṣubú, wọ́n wá sọ fún un pé, “Ó korò, àmọ́ kò pa mí.”

Báyìí ló ṣe wá kan ajá. Ańkù Rótìmí, àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Oniru, ló gbé ọmọ ajá òyìnbó kan wá, wọ́n ní ilé tí wọ́n ń kọ́ láyìíká wa ti pọ̀ jù, olè lè gba ibẹ̀ wọlé. Etí ajá náà kan dìde, ìkejì ṣì ń sùn. Àpò ńlá kan tẹ̀ lé e wá: bisikíìtì tí wọ́n gé bí eegun, awọ màlúù gbígbẹ tí wọ́n ká bí ẹní fún un láti máa jẹ lẹ́nu, àti bọ́ọ̀lù rọ́bà tó máa ń ké tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Bàbá Àgbà gba àpò, wọ́n jókòó, wọ́n mú bisikíìtì kan, wọ́n sì bù ú jẹ. Wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú wọn wà lókè bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí orúkọ èèyàn.

“Daddy, ti ajá ni o,” Ańkù Rótìmí wí.

“Ṣé mo bi ọ́ pé ti ta ni?”

“Sà, wọn ò ṣe é fún èèyàn.”

“Rótìmí, ohun tó wọlé wá yìí, ṣé onílé ni àbí àlejò?”

Ańkù Rótìmí wo ajá, wọ́n wo bàbá wọn. “Àlejò ni, sà.”

Bàbá Àgbà gbé ti ẹnu wọn mì, wọ́n fi ìdajì tó kù fún ajá, ajá sì jẹ ẹ́ tán. Awọ gbígbẹ ló gbà wọ́n ní ọ̀sán gbogbo. Wọ́n ní pọ̀nmọ́ ni, pé àwọn òyìnbó tó ṣe é ló gbàgbé láti sè é. Ní ti bisikíìtì, wọ́n ronú sí i títí di ìgbà tí Ańkù Rótìmí ti wọnú mọ́tò kí wọ́n tó sọ ìdájọ́ wọn: “Iyọ̀ rẹ̀ ò tó.”

Orúkọ ajá náà tún jẹ́ wàhálà tirẹ̀. Ní àdúgbò wa, orúkọ tí èèyàn bá sọ ajá rẹ̀, aládùúgbò ló ń bá wí. Bàbá Ìdòwú tó wà lódìkejì ọgbà jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà láti kékeré, wọ́n jọ ń wọ́ àwọ̀n lẹ́bàá òkun kí àwọn ilé ńlá tó dé. Lẹ́yìn ìpàdé ilẹ̀ ọjọ́sí, ó dé etí Bàbá Àgbà pé Bàbá Ìdòwú ń sọ kiri pé ojo ló jẹ́ kí wọ́n jókòó, kì í ṣe eyín. Bàbá Àgbà kò lọ bá a. Wọ́n sọ ajá náà ní Motigbọ́. Láràárọ̀, wọ́n á lọ dúró sẹ́bàá ọgbà, wọ́n á sì pè é lóhùn rara, bẹ́ẹ̀ ajá wà lẹ́sẹ̀ wọn níbẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Kò pẹ́ tí Bàbá Ìdòwú náà fi ra ajá, ajá ìbílẹ̀ pupa kan, ó sì sọ ọ́ ní Kílogbọ́. Láti ìgbà náà, kí oòrùn tó ràn dáadáa, ọ̀kan á pe Motigbọ́ níhìn-ín, ọ̀kan á pe Kílogbọ́ lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí wọ́n bá ń kí ara wọn. Àwọn ajá méjèèjì ti di ọ̀rẹ́ ní tiwọn, wọ́n á fi imú kan ara wọn lábẹ́ ọgbà. Màmá mi bẹ Bàbá Àgbà títí pé kí wọ́n kúkú lọ bá ọ̀rẹ́ wọn sọ ọ́ kó tán. Ó yà wọ́n lẹ́nu gan-an. Wọ́n ní, “Àárọ̀ wo la ò sọ ọ́?”

Ìgbà tí Motigbọ́ ń pààrọ̀ eyín, ó jẹ bàtà mi, ó jẹ ẹsẹ̀ tábìlì, ó jẹ fìlà tí Wásíù sá sóòrùn. Èmi fẹ́ nà án. Bàbá Àgbà ní ta ló ń na ẹni tí eyín ń dùn. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré ajá, mo sì gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì ńlá, nítòsí Lẹ́kkí. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kúnlẹ̀ kí wọn, ó mú eegun rọ́bà pupa kan wá. Bàbá Àgbà yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

“Ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?”

“Tuntun ni, Daddy.”

“Ṣé ẹ ò tíì tà á fún ẹlòmíì?”

“Rárá, sà.”

“Tí mo bá gbé e délé lónìí, ṣé kò ní sí ẹni tó máa wá lọ́la pé bàbá òun ló ni ín?”

Ọmọbìnrin náà wojú mi. Mo sọ fún un pé ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, ó sì yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ o. Ó ní, “Daddy, ẹ má ra èyí tó kéré ju ẹnu ẹ̀ lọ, ó lè gbé e mì. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò, tí kò bá tẹ̀ rárá, ó ti le jù nìyẹn, ó máa kán an léyín. Bisikíìtì tí ẹ máa fi kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ sì rèé, kẹ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀pà, kó má bàa yó kó tó gbọ́rọ̀.”

“O ṣeun, ọmọ mi,” Bàbá Àgbà wí. “Èyí tó o ní kò le jù yìí, ta ló ti fi eyín ẹ̀ tọ́ ọ wò?”

“Sà?”

Wọn ò tún un bi í. Wọ́n fi eegun rọ́bà náà sẹ́nu, wọ́n dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n sì gé e jẹ. Nígbà tí wọ́n fà á, eyín wọn bá a jáde. Ó dúró ṣinṣin sára rọ́bà pupa náà, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó gbé ajá funfun kékeré sínú báàgì, ó fọwọ́ bo ajá rẹ̀ lójú. Ọmọbìnrin tó ń tajà wọ ẹ̀yìn káńtà lọ, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Èmi ń wá ibi tí ilẹ̀ máa gbà lanu. Bàbá Àgbà gbé eegun náà sójú iná, wọ́n wo eyín wọn fínnífínní níbi tó wà, wọ́n sì sọ láìsí eyín kankan lẹ́nu, ketekete, bí ẹni tí kò bẹ̀rù ẹ̀rín ẹnikẹ́ni mọ́: “A máa mú èyí.”

Ìjà tó le jù láàárín Bàbá Àgbà àti Ańkù Rótìmí, tísà ajá ló fà á. Ańkù Rótìmí mú ọkùnrin kan wá láti Oniru tó wọ ṣòkòtò kékeré, tó sì ń bá ajá sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ju bọ́ọ̀lù, Motigbọ́ gbé e wá, ọkùnrin náà ní “Drop it,” ó sì já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Àgbà dìde lórí àga.

“Dúró ńbẹ̀. Kí lo fún un?”

“Bàbá, àṣẹ ni mo pa fún un.”

“Mo rí i pé o gba nǹkan lẹ́nu ẹ̀. Mo ń bi ọ́ pé kí lo fún un?”

Ańkù Rótìmí ní kí wọ́n jẹ́ kí tísà ṣiṣẹ́. Bàbá Àgbà ní ọwọ́ òfìfo ni wọ́n fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí àwọn, pé kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ọgbà yìí, ì báà ṣe bọ́ọ̀lù. Ohùn wọn lọ sókè, ti Ańkù Rótìmí náà lọ sókè, Bàbá Ìdòwú sì ti gbé ọrùn sórí ọgbà. Tísà kó ẹrù rẹ̀. Kó tó jáde, ó rò pé òun máa fi ìmọ̀ tu bàbá nínú, ó ní ọdún kan ajá tó ọdún méje ti èèyàn. Ká ní ó mọ ohun tó sọ sí wa lọ́rùn ni, ì bá dákẹ́.

Bàbá Àgbà fúnra wọn wá kọ́ Motigbọ́. Wọ́n á sun àgbọn lórí iná, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀pà gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù ṣe wí, wọ́n á jẹ díẹ̀, wọ́n á wá na ìyókù sí i, wọ́n á ní, “Gbà, kí n gbà.” Motigbọ́ á tú ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀ sọ́wọ́ wọn, á gba àgbọn. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi gba bàtà, ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi gba fìlà Wásíù padà, díẹ̀ ló kù lára ẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọdún méje, wọn ò gbàgbé. Wọ́n ń ka ọjọ́ orí ajá náà bọ̀ bí ẹni tó ń retí ìkórè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ju egungun sí Motigbọ́, mo ní kó kúrò lọ́nà, Bàbá Àgbà sì gbé ìwé ìròyìn kúrò lójú. Wọ́n ní ó ti fi ọjọ́ orí kọjá mi láti oṣù tó kọjá. Mo rò pé àwàdà ni. Kò sí àwàdà lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá wà nítòsí, mo gbọ́dọ̀ kí ajá ní ẹ káàárọ̀. Tí mo bá kùn, wọ́n á ní, “Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ni.”

Ní Tọ́sìdeè, ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, mọ́ṣúárì pè pé àwọn fẹ́ wọṣọ fún bàbá nírọ̀lẹ́, pé bí eyín bá wà, kí a gbé e wá. Láti Mọ́ńdè ni Motigbọ́ ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga Bàbá Àgbà, kò jẹun, kò gbó, ó pa ẹnu dé. A máa ń rí i pé omi abọ́ rẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i níbi tó ti ń mu ún. Gbogbo wa ní ọ̀fọ̀ ló ń ṣe. Ańkù Rótìmí bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tù ú nínú, wọ́n fọwọ́ pa á lórí, ètè rẹ̀ ká sókè, Ańkù Rótìmí sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Eyín Bàbá Àgbà ló wà lẹ́nu ajá. Ó funfun báláú, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa gẹ́gẹ́ bó ṣe rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù. Bóyá ó já bọ́ nígbà tí oorun náà gbé wọn, bóyá Bàbá Àgbà fúnra wọn ló yọ ọ́ tí wọ́n fún ajá pé kó bá wọn tọ́jú ẹ̀, n ò mọ̀ títí dòní.

Ohun tí a kó wá síwájú ajá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀rín ni tí kì í bá ṣe pé ẹkún wà lọ́fun wa. A kó eegun rọ́bà pupa, bọ́ọ̀lù tó ń ké, awọ gbígbẹ tuntun, gbogbo oríṣi bisikíìtì tí Ańkù Rótìmí lè rí rà. Màmá mi gbé adìyẹ dídín wá látinú ti ìsìnkú. Wásíù gbé pọ̀nmọ́ wá. Ańkù Rótìmí ń pariwo “Drop it” bí ẹni tó ń darí mọ́tò. Motigbọ́ kùn látinú wá, ó tún pa ẹnu dé. Tísà tí a pè lórí fóònù ní kí a ti igi bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

“Ó máa fọ́ eyín náà,” mo wí.

“Ẹ jẹ́ ká sin Daddy bẹ́ẹ̀,” Ańkù Rótìmí wí. “Ta ló máa ṣí wọn lẹ́nu wò?”

“Ańkù, mo búra fún wọn.”

Ìgbà náà ni ohùn kan wá láti orí ọgbà. Bàbá Ìdòwú ni. Láti Mọ́ńdè ni kò ti pe ajá rẹ̀ lórúkọ, ó kàn máa ń pòṣé sí i ni.

“Ta ló ti tọ́ ọ wò nínú yín?”

Màmá mi wo àwo adìyẹ.

“Àràárọ̀ ni mò ń wo ọkùnrin yẹn,” Bàbá Ìdòwú wí. “Kò fún ajá yìí ní nǹkan rí láìjẹ́ pé òun kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Ẹ wá ń ju ẹran sí i bí ẹni tí kò nílé. Ṣé ẹ kì í ṣe ọmọ ilé yìí ni?”

Agolo àgbọn sísun Bàbá Àgbà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Mo mú ẹyọ kan, mo gé e jẹ, mo sì jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí gbogbo ayé rí mi. Motigbọ́ gbé orí sókè. Mo kúnlẹ̀, torí n ò mọ bí mo ṣe tún máa ṣe é, mo na ìyókù àgbọn náà sí i, mo tẹ́ ọwọ́ kejì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́,” mo wí. “Ẹ gbà, kí n gbà.”

Ańkù Rótìmí kò rẹ́rìn-ín. Motigbọ́ jáde lábẹ́ àga, ó wo àga náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé eyín Bàbá Àgbà lé mi lọ́wọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, itọ́ ti bò ó. Lẹ́yìn náà ló gba àgbọn. Mo sunkún níbẹ̀ lórí eékún mi, ẹkún tí mi ò tíì sun láti Mọ́ńdè, torí ìgbà yẹn gan-an ló yé mi pé wọn ò ní dìde lórí àga yẹn mọ́. Ańkù Rótìmí mú adìyẹ dídín lórí àwo, wọ́n bù ú jẹ, wọ́n sì fi ìyókù fún ajá láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ní Fúráìdeè, gbogbo Addo ló wá wò wọ́n. Bàbá Ìdòwú dúró pẹ́ ju gbogbo èèyàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ẹnu Bàbá Àgbà kún dáadáa. Tí èèyàn bá wò ó súnmọ́, á rí àpá kékeré méjì lára eyín iwájú, ṣùgbọ́n ó ti mọ́, ó sì jókòó síbi tó yẹ kó wà. Bàbá Ìdòwú bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn létí. Ó ní, “O ò ṣojo rí. Lọ parí ọ̀rọ̀ rẹ.”

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbé abọ́ Motigbọ́ jáde. Bisikíìtì tí Ańkù Rótìmí rà ló kù nílé. Mo mú ọ̀kan, mo bù ú jẹ, mo sì ń jẹ ẹ́ lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan láti òdìkejì ọgbà, tó rọlẹ̀, tó ń gbọ̀n díẹ̀.

“Kílogbọ́.”

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohùn kankan. Mo mọ̀ pé ó dúró síbẹ̀, pé ó ń retí. Bisikíìtì kún mi lẹ́nu, mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè tu ú dànù níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Mo rìn lọ sẹ́bàá ọgbà, níbi tí Bàbá Àgbà máa ń dúró sí, ajá tẹ̀ lé mi, ó jókòó sí mi lẹ́sẹ̀.

“Motigbọ́,” mo pè é.

Lóòótọ́ ni. Iyọ̀ rẹ̀ ò tó.